Ogún Ẹ̀pà Ìkẹyìn: Bí A Ṣe Ń Ka Àfikún Kékeré Nínú Póka

Ẹ má bẹ̀rù àkọlé yìí: n kò pe ẹnikẹ́ni sídìí tẹ́tẹ́. Ẹ̀pà la ó fi ka tiwa, ìṣirò inú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí á jọ wò.

Nínú póka irú ti Texas, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní káàdì méjì tó dà dé; márùn-ún mìíràn wà ní gbangba fún gbogbo wọn. Tí ìkarùn-ún bá ti ṣí, kò sí káàdì mọ́. Ìpele kan péré ló kù láti fi nǹkan sílẹ̀.

Ká ní ẹ̀pà 60 ti wà láàárín. Táyé fi 20 sílẹ̀. Kẹ́hìndé kò jáwọ́, kò sì kàn san 20 yẹn. Ó gbé 40 kalẹ̀. Òfin ni pé àfikún kò gbọdọ̀ kéré sí ohun tí ẹni ìṣáájú fi sílẹ̀, nítorí náà èyí ló kéré jù tó lè ṣe. Ní báyìí, 120 ló wà nílẹ̀, 20 péré ló sì kù kí Táyé san.

Ṣé kó san án? Tó bá san án, gbogbo rẹ̀ á di 140. Ogún wọ inú 140 nígbà méje. Ìyẹn ni pé tí Táyé bá lè jẹ lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà méje, kò jèrè, kò pàdánù. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, èrè ni. Ìdí nìyí tí àfikún kékeré kò fi dára fún ìhàlẹ̀: ta ni 20 máa lé sá? Ẹni tó gbé e kalẹ̀ sábà máa ń ní káàdì gidi. Ó kàn mọ̀ pé ẹnì kejì ò ní san ńlá ni. Àmọ́ o, ó léwu fún òun náà, torí Táyé ṣì lè gbé ńlá lé e padà.

Ní 1944, John von Neumann àti Oskar Morgenstern ya apá kan sọ́tọ̀ fún póka nínú ìwé ńlá wọn lórí ìmọ̀ eré àti ètò ọrọ̀ ajé. Wọ́n ṣàlàyé pé ẹni tí kì í halẹ̀ rárá kò ní rí ẹni san án nígbà tó bá ní káàdì tó lágbára.

Ibi tó ti ń dunni rèé: ọ̀pọ̀ ló ń san 20 yẹn torí "mo ti náwó tó báyìí, kí ni ogún?" Ohun tó ti lọ ti lọ, ti àárín ni, kì í ṣe tìẹ mọ́. Ìbéèrè méjì ló yẹ kí Táyé bi ara rẹ̀: èló ni wọ́n ń béèrè nísinsìnyí? Ẹ̀ẹ̀melòó nínú méje ni káàdì mi máa borí tirẹ̀? Tí kò bá tó ẹ̀ẹ̀kan, 20 yẹn wọ́n. San án lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, igba ẹ̀pà ti lọ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ wo ọjà Karmo wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. O ti ná iṣu títí, ìyá oníṣu ti ń kó o sínú báàgì, ló bá ní, "Ọmọ mi, fi igba náírà lé e, kó o máa gbé e lọ." A máa ń san án torí pé a ti dúró pẹ́, ìyá náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí iṣu náà bá ṣì tó iye yẹn, san án. Tí kò bá tó, kí ìyá dáadáa, kó o kọjá sí ìsọ̀ kejì.

Iṣẹ́ ṣíṣe: ká ní 60 ni Kẹ́hìndé gbé kalẹ̀ dípò 40, ẹ̀ẹ̀melòó nínú mélòó ló yẹ kí Táyé jẹ kó má bàa pàdánù? Ẹ mú ìdáhùn wá sí ìpàdé tó ń bọ̀.