Ilé Kòkó: Àgbà Ọjà Dùgbẹ̀

Owó kòkó tí àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà fi òógùn wọn pa ni a fi kọ́ Ilé Kòkó, ilé alájà 26 tó wà ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn. Ọdún 1965 ni wọ́n ṣí i fún ọ́fíìsì àti òwò. Ní oṣù kìíní 1985, iná jó o. Wọn kò wó o. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní 1992. Lónìí, ilé ìtajà ìgbàlódé wà nínú àgbàlá rẹ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Pénéssoulou, Bassila àti Manigri, kí a tó wó ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ kan, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè: òógùn ta ló kọ́ ọ? Iṣẹ́ wo ló tún lè ṣe fún wa?