Ọtí di bárakú: àìsàn tí ó ní oògùn

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kì í dùn ún sọ ní gbangba, ṣùgbọ́n ó ń da ọ̀pọ̀ ilé rú. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ọtí ti di bárakú fún ni.

Nígbà tí baálé ilé bá ń fi owó oúnjẹ ra sodabi láràárọ̀, àwọn kan á ní iṣẹ́ ọ̀tá ni, àwọn mìíràn á ní ìwà burúkú ni. Wọ́n á bú u títí, kò ní jáwọ́. Àwọn dókítà ti wádìí rẹ̀: ọtí àmujù ojoojúmọ́ máa ń yí iṣẹ́ ọpọlọ padà, títí ara yóò fi máa béèrè ọtí bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń béèrè oúnjẹ. Àìsàn ni. Àwọn àgbà sì ní àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú.

Ẹ má ṣe tì í mọ́lé

Ẹni tí ó ti ń mu ọtí líle lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì láìsí dókítà. Láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta, ara rẹ̀ lè máa gbọ̀n, ó lè máa rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí, gìrì lè mú un, ó sì lè kú. Kì í ṣe wèrè, kì í ṣe àǹjọ̀nú. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá. Oògùn tí ń mú ara rọlẹ̀ wà níbẹ̀.

Àwọn oògùn tí ó wà

Èyí tí ó pẹ́ jù ni disulfiram. Ní Denmark, Jens Hald àti Erik Jacobsen ń wá oògùn aràn, wọ́n sì fi ara wọn dán an wò. Nígbà tí wọ́n mu ọtí lé e, ara wọn kò gbà á rárá. Ní 1948 ni wọ́n kéde ohun tí wọ́n rí. Ẹni tí ó bá lo oògùn yìí tí ó sì mu ọtí, ojú rẹ̀ á pọ́n, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, èébì á gbé e. Àní àgbo tí a fi ọtí rẹ lè fa ìjàǹbá náà. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ má ṣe dà á sínú ọbẹ̀ ọkọ yín ní ìkọ̀kọ̀! Ó lè pa á.

Oògùn méjì mìíràn kì í dẹ́rù bani báyìí. Acamprosate, tí ilẹ̀ Faransé gbà wọlé ní 1989, ń ran ẹni tí ó ti jáwọ́ lọ́wọ́ kí ó má padà sídìí ọtí. Naltrexone, tí Amẹ́ríkà gbà fún ọ̀ràn ọtí ní 1994, ń dín adùn ọtí kù. Láti 2006 ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ tí a ń gbà lẹ́ẹ̀kan lóṣù ti wà. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi méjèèjì kún àwọn oògùn tí ó ṣe pàtàkì fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín aláìsàn wò.

Ohun tuntun

Semaglutide jẹ́ abẹ́rẹ́ àwọn alátọ̀gbẹ. Ní 2025, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìròyìn jáde pé wọ́n fi dán ènìyàn 48 wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Òùngbẹ ọtí dín kù fún àwọn tí ó gbà á, ìwọ̀n tí wọ́n ń mu sì kéré sí i. Ìdánwò kékeré ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí rẹ̀ lọ ra abẹ́rẹ́ lọ́jà.

Tramadol ńkọ́, tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbé mì kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ láìrẹ̀? Ìdílé opium ni òun àti heroin ti wá. Oògùn wà fún bárakú ìdílé yìí náà: methadone àti buprenorphine. Ní Dakar, ilé ìtọ́jú CEPIAD bẹ̀rẹ̀ sí fi methadone tọ́jú àwọn tí heroin mú ní 2015.

Kí ni kí a ṣe?

Ẹ bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ bá dá, láìsí èébú. Ẹ tẹ̀ lé e lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má jẹ́ kí ó dá lọ. Oògùn nìkan kò tó, ó nílò ìmọ̀ràn, iṣẹ́ àti ẹni tí yóò máa bi í pé, “Báwo ni lónìí?” Bí ó bá tún ṣubú, ẹ gbé e dìde, kí ẹ sì padà sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú pa ẹni yín.