Kí Ẹ Tó Mú Ajá Wọ Mọ́tò Lọ sí Faransé: Ọ̀rọ̀ Nípa Òtẹ́ẹ̀lì Tó Ń Gba Ajá

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lóṣù yìí lè pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín. Ẹ lè ní, "Kí ló kan ẹgbẹ́ wa nínú ọ̀rọ̀ ajá àti òtẹ́ẹ̀lì òyìnbó?" Ó kàn wá o. Púpọ̀ nínú wa ló ní ọmọ tàbí àbúrò ní Ìlú Ọba. Àwọn ìyá wa ń lọ bá ọmọ wọn gbọ́mọ, àwọn bàbá wa ń lọ kí àwọn ọmọ-ọmọ. Bí wọ́n bá débẹ̀, wọ́n lè bá ajá nínú ilé. Ajá ọ̀hún kì í sì í ṣe irú tiwa tó ń ṣọ́ ẹ̀yìnkùlé tàbí tó ń bá ọdẹ lọ sígbó. Orí kápẹ́ẹ̀tì ní pálọ̀ ló ń sùn, àwọn ọmọdé sì ń pè é lórúkọ bí ẹni pé ọmọ ìyá wọn ni. Nígbà tí ilé-ìwé bá wá gba họlidé, ẹ ó gbọ́ pé, "Màmá, a fẹ́ wa mọ́tò lọ sí Faransé fún ọ̀sẹ̀ kan. Gbogbo wa là ń lọ, ajá náà ń bá wa lọ."

Ibẹ̀ ni ìnáwó ti ń bẹ̀rẹ̀. Owó tí ìyá ọlọ́jà rò pé òun ó fi ra ọjà díẹ̀ bọ̀ wálé lè bá òtẹ́ẹ̀lì lọ, tàbí kí gbogbo ẹbí dé ẹnu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì lálẹ́ kí wọ́n sọ fún wọn pé, "Ẹ̀yin lè wọlé, ṣùgbọ́n ajá yín ò lè wọlé." Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ: kí òtẹ́ẹ̀lì kan sọ pé òun ń gba ajá kò tíì tó. Ẹ béèrè iye tó máa jẹ́, ẹ béèrè òfin tó wà níbẹ̀, ẹ gba èsì yín ní kíkọ sílẹ̀, kí ìwé ajá sì ti pé kí ẹ tó san kọ́bọ̀ lórí yàrá. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

ÌWÉ AJÁ LÓ ṢÁÁJÚ YÀRÁ

Àrùn dìgbòlugi ló fa gbogbo òfin yìí. Ọdún 1922 ni Britain lé àrùn náà kúrò nílẹ̀ wọn, wọn ò sì fẹ́ kó padà wá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, oṣù mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi ń há ajá tó bá ti òkèèrè wọlé mọ́. Ọdún 2000 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tó jẹ́ kí ajá tí ìwé rẹ̀ pé máa wọlé láìsí àhámọ́. Nígbà tí Britain kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ọ̀rọ̀ tún yí padà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2021, pásípọ́ọ̀tù ajá tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Scotland àti Wales kò wúlò mọ́ láti fi wọ Faransé.

Ohun tí ajá tó ń ti ibẹ̀ lọ nílò nìyí. Ekíní, ẹ̀rọ kékeré kan tó dà bí hóró ìrẹsì, tí dókítà ẹran máa ń ki bọ abẹ́ awọ rẹ̀, tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ekejì, abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Ajá gbọ́dọ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ 12 kó tó gbà á, bó bá sì jẹ́ abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ni, ó di ẹ̀yìn ọjọ́ 21 kó tó lè rìn. Ẹkẹta, ìwé ẹ̀rí ìlera láti ọwọ́ dókítà ẹran tí ìjọba fún láṣẹ, láàárín ọjọ́ 10 tó ṣáájú ọjọ́ tí ajá máa wọ Faransé. Gbogbo ìgbà tí ajá bá tún fẹ́ ti Britain jáde lọ ni wọ́n ń gba ìwé yìí ní tuntun. Owó rẹ̀ ò kéré, ti dókítà kan sì yàtọ̀ sí ti òmíràn, nítorí náà ẹ ná an lọ́dọ̀ bíi méjì, mẹ́ta, bí ẹ ṣe ń ná ọjà.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé, tó sì kan òtẹ́ẹ̀lì tààrà. Kí ajá tó padà wọ Britain láti Faransé, dókítà ẹran gbọ́dọ̀ fún un ní oògùn aràn, kó sì kọ ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀ sínú ìwé. Oògùn náà gbọ́dọ̀ ti pé wákàtí 24 lára rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ ju wákàtí 120 lọ, ìyẹn ọjọ́ márùn-ún. Bí ẹ bá fẹ́ wọlé ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, àárín ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni kí ẹ ti rí dókítà. Ẹ ò wá rí i pé kò yẹ kí ẹ gba òtẹ́ẹ̀lì inú oko, tó jìnnà sí ìlú, fún gbogbo òpin ìrìn-àjò yín? Ìlú tí dókítà ẹran wà ni kí ẹ sùn sí láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, kí ẹ sì ti bá dókítà dá ọjọ́ kí ẹ tó kúrò nílé. Bí ìwé bá ní àbùkù, wọ́n lè dá ajá padà tàbí kí wọ́n há a mọ́, olówó ajá ló sì máa sanwó rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìwé ajá pé kó wá jẹ́ tiyín ni ò pé. Físà Ìlú Ọba kò gbé ẹni tó ní pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà wọ Faransé. Físà tí wọ́n ń pè ní Schengen lọ́tọ̀ ni, ó sì ń gba àkókò. Bí ẹ kò bá ní i, inú ilé lẹ máa wà, ajá á lọ họlidé, á padà wá bá yín.

LÓJÚ Ọ̀NÀ

Ọ̀nà tó rọrùn jù fún ọlọ́jà ajá ni rélùwéè tó ń gbé mọ́tò gba abẹ́ òkun, láti Folkestone lọ sí Calais. Ọdún 1994 ni wọ́n ṣí ọ̀nà abẹ́ òkun yìí. Bíi ìṣẹ́jú 35 ni, inú mọ́tò yín náà lẹ ó jókòó sí, ajá á sì wà lọ́dọ̀ yín. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni, àwọn kan ní kí ajá dúró nínú mọ́tò nísàlẹ̀ nígbà tí èrò bá gòkè, àwọn mìíràn ní yàrá tí ajá lè bá yín wọ̀. Yàrá yẹn kì í pọ̀, ó sì máa ń tètè tán. Nígbà tí ẹ bá ń padà, ní Calais ni wọ́n ti máa yẹ ìwé ajá àti nọ́ńbà ara rẹ̀ wò.

Láti Calais dé Paris fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 kìlómítà, sí Lyon sì ju 700 lọ. Ẹni tó ń lọ sí apá gúúsù, kó sùn lójú ọ̀nà, bíi ní Reims, dípò kó fi ọjọ́ kan rin gbogbo rẹ̀. Ẹ máa yà síbi ìsinmi ojú títì bíi wákàtí méjì-méjì, kí ajá nasẹ̀, kó tọ̀, kó mu omi. Ẹ má ṣe tì í mọ́ inú mọ́tò nínú oòrùn o, bí fèrèsé tilẹ̀ ṣí díẹ̀. Ooru inú mọ́tò a máa pa ajá láìpẹ́.

ÌBÉÈRÈ MẸ́FÀ LỌ́WỌ́ OLÓTẸ́Ẹ̀LÌ

Ní Faransé, òtẹ́ẹ̀lì tó ń gba ajá pọ̀. Àwọn tó wà nítòsí ojú títì ńlá, tí orúkọ wọn kan náà wà káàkiri, bíi ibis àti B&B Hotels, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ka wọn ló ń gba ajá pẹ̀lú owó díẹ̀ lórí. Ṣùgbọ́n orúkọ kan náà kò sọ wọ́n di òfin kan náà. Ẹ̀ka tí ẹ fẹ́ sùn sí gan-an ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí "animaux acceptés" lára ògiri, ìyẹn ni pé wọ́n ń gba ẹran ọ̀sìn. Bó bá jẹ́ "chiens interdits," ajá ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. "Tenu en laisse" ni pé kí ẹ fi okùn mú un.

Ekíní: irú ajá wo? Àwọn kan ń gba ajá kékeré, wọn kì í gba ńlá. Àwọn kan ò ní gbà ju ọ̀kan lọ. Yàtọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì, òfin Faransé ti ọdún 1999 ka àwọn ajá kan sí eléwu. Irú pit bull tí kò ní ìwé ìran kò gbọdọ̀ wọ orílẹ̀-èdè náà rárá. Rottweiler sì gbọ́dọ̀ wà lórí okùn, kí wọ́n dì í lẹ́nu níta gbangba.

Ekejì: èló ni, ṣé lálaalẹ́ ni àbí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo? Ẹ jẹ́ ká fi ṣírò ọjà wò ó. Ká sọ pé òtẹ́ẹ̀lì kan ń gba 60 yúrò lálẹ́, tó sì ń gba 10 yúrò lórí ajá lálaalẹ́. Èkejì ń gba 65 yúrò lálẹ́, ṣùgbọ́n 30 yúrò péré ni ti ajá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ alẹ́ méjì, ti àkọ́kọ́ jẹ́ 140, ti èkejì 160. Àkọ́kọ́ ló dínwó. Ṣùgbọ́n bó bá di alẹ́ méje, ti àkọ́kọ́ di 490, ti èkejì sì jẹ́ 485. Ẹ rí i pé ẹni tó wo iye yàrá nìkan ti ṣìrò. Àpẹẹrẹ lásán ni iye wọ̀nyí o, bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ ni kí ẹ mú.

Ẹkẹta: ṣé a lè fi ajá nìkan sílẹ̀ nínú yàrá? Èyí ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ni kò gbà, torí ajá tó bá wà níbi àjèjì a máa gbó, a máa fi èékánná họ ilẹ̀kùn. Bí wọn ò bá gbà, tí ajá ò sì lè wọ ibi tí wọ́n ti ń jẹun, a jẹ́ pé ẹ ó máa pín ara yín jẹun nìyẹn. Ilé oúnjẹ mìíràn ní Faransé ń gba ajá sábẹ́ tábìlì, ọwọ́ olóhun ló kù sí. Ọ̀pọ̀ etíkun wọn sì ń lé ajá lásìkò ooru, ẹ béèrè ìyẹn náà.

Ẹkẹrin: yàrá wo ni? Ẹ sọ pé ìsàlẹ̀ lẹ fẹ́, nítòsí ilẹ̀kùn àbájáde. Ẹni tí ajá jí láàárín òru pé òun fẹ́ tọ̀ kò ní fẹ́ máa sọ̀kalẹ̀ láti àjà kẹrin.

Ẹkarùn-ún: owó ìdógò wà níbẹ̀ bí? Bó bá wà, nígbà wo ni wọ́n máa dá a padà, kí ni wọ́n sì kà sí ìbàjẹ́? Bí ẹ bá wọ yàrá tí ẹ bá nǹkan tó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ fi han olótẹ́ẹ̀lì lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì yà á ní fọ́tò.

Ẹkẹfà: bí ìwé ajá kò bá jáde lásìkò, ṣé owó yàrá á padà? Yàrá tó dínwó jù máa ń jẹ́ èyí tí owó rẹ̀ kì í padà. Ẹni tí ìwé ajá rẹ̀ kò tíì tẹ̀ lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ ra irú rẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá dáhùn lórí fóònù, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́: orúkọ yín, ọjọ́, irú ajá, iye owó. Ẹni tó gbé fóònù lónìí lè má sí níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá dé. Ìwé ló máa jẹ́rìí yín, bí káàdì ẹgbẹ́ wa ṣe ń jẹ́rìí iye tí olúkúlùkù dá.

ẸNI TÓ WÀ NÍ AMẸ́RÍKÀ ÀTI ẸNI TÓ FẸ́ GBÉ AJÁ LÁTI ILÉ

Ní Amẹ́ríkà, òtẹ́ẹ̀lì ojú títì tí mọ́tò ń dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn yàrá rọrùn fún ọlọ́jà ajá. Motel 6, tó bẹ̀rẹ̀ ní Santa Barbara ní 1962 pẹ̀lú yàrá dọ́là mẹ́fà, wà lára àwọn tí èèyàn mọ̀ mọ́ gbígba ajá. Níbẹ̀ náà, ẹ̀ka tí ẹ ń lọ ni kí ẹ bi. Ẹni tó bá ń wakọ̀ lọ sí Kánádà, tó fẹ́ padà, kó rántí pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ajá tó bá ń wọ Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ti pé oṣù mẹ́fà, kó ní nọ́ńbà lábẹ́ awọ, kí olówó rẹ̀ sì ti kọ fọ́ọ̀mù sílẹ̀.

Ajá tó bá ń ti Nàìjíríà lọ sí Ìlú Ọba, òfin tirẹ̀ tún le ju ìwọ̀nyí lọ. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ó kéré tán ọjọ́ 30 kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, lẹ́yìn náà ni yóò tún dúró fún oṣù mẹ́ta láti ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọ̀sẹ̀ méjì ló ń gbà.

Ọ̀RỌ̀ ÌKẸYÌN

Bí wọ́n bá ti gba ajá yín, ẹ tẹ́ ẹní tirẹ̀ sílẹ̀ fún un, ẹ má ṣe jẹ́ kó gun bẹ́ẹ̀dì wọn. Ẹ fi aṣọ tirẹ̀ nù ún, kì í ṣe táwẹ́ẹ̀lì wọn. Ẹ máa kó ìgbẹ́ rẹ̀ sínú ọ̀rá. A mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa nínú ẹgbẹ́ wa: ẹni tó yáwó tí kò san, ọ̀nà onídùúró rẹ̀ àti ti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló dí. Àlejò tí ajá rẹ̀ ba yàrá jẹ́ ló ń mú kí òtẹ́ẹ̀lì kọ "a kì í gba ajá" sára ògiri fún ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá pè pé àwọn ń lọ sí Faransé nígbà họlidé, oṣù méjì ṣáájú ni kí ẹ ti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: ìwé ajá ńkọ́, físà tèmi ńkọ́, òtẹ́ẹ̀lì tí yóò gbà wá ńkọ́, èló ni gbogbo rẹ̀? Bó bá dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ di ẹrù yín. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ ní kó lọ wádìí ná. Ká rìn ká padà láyọ̀ o. Ẹgbẹ́ wa á máa gbòòrò sí i.