Owó Ìjọba Ló Wà Nídìí Chip Inú Fóònù Yín

Fóònù tí ẹ fi ń ka ọ̀rọ̀ yìí, chip ni ọpọlọ rẹ̀. Orí sílíkọ́nì, ohun tí wọ́n ń yọ jáde lára yanrìn àti òkúta, ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn tíránsísítọ̀ kéékèèké ló kún inú rẹ̀. Tíránsísítọ̀ kọ̀ọ̀kan dà bíi súìṣì iná: bí wọ́n bá tàn án, iná á kọjá, bí wọ́n bá pa á, iná ò ní kọjá. Chip A17 Pro tí Apple gbé jáde ní 2023 ní irú súìṣì bẹ́ẹ̀ tó bílíọ̀nù 19, kò sì tóbi ju èékánná àtàńpàkò lọ.

Mo máa ń gbọ́ káwọn èèyàn sọ pé àwọn oníṣòwò ló dá gbogbo èyí ṣe, pé ìjọba ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bẹ́ ẹ bá tọ ìtàn chip dé gbòǹgbò, owó ìjọba lẹ máa bá níbẹ̀.

Oníbàárà àkọ́kọ́

Ní 1958, Jack Kilby ti ilé-iṣẹ́ Texas Instruments fi hàn pé èèyàn lè kó ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ẹ̀rọ sórí ègé kan ṣoṣo. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Robert Noyce ti Fairchild wá ọ̀nà tó rọrùn jù láti ṣe é lórí sílíkọ́nì. Iṣẹ́ ọ̀hún dára, àmọ́ ta ló fẹ́ rà á? Owó gọbọi ni wọ́n ń tà á nígbà yẹn. Àwọn tó ń ṣe rédíò ò lè sún mọ́ ọn.

Ìjọba Amẹ́ríkà ló rà á. Àwọn ológun fi í sínú ohun ìjà Minuteman II, NASA sì fi í sínú kọ̀ǹpútà tó darí ọkọ̀ Apollo lọ sínú òṣùpá. Ní 1963, iṣẹ́ Apollo nìkan gba ju ìdajì gbogbo chip tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lọ. Bí àwọn ilé-iṣẹ́ ṣe ń ṣe púpọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wọn ń mọ́ iṣẹ́, tówó rẹ̀ sì ń wálẹ̀. Ìgbà tó yá ló tó dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù.

Oúnjẹ àárọ̀ kan ní Taipei

Ìtàn Taiwan ló wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kejì 1974, àwọn èèyàn bíi méje jókòó nílé oúnjẹ kékeré kan tó ń ta mílíìkì ẹ̀wà sóyà. Sun Yun-suan, mínísítà ètò ọrọ̀ ajé, wà níbẹ̀. Pan Wen-yuan, ẹnjiníà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ RCA ní Amẹ́ríkà, náà wà níbẹ̀. Pan ní kí wọ́n lọ ra ìmọ̀ chip lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà. Ó ní ọdún mẹ́rin ló máa gbà, mílíọ̀nù 10 dọ́là ló sì máa jẹ. Mínísítà gbà.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ná owó náà. Ìjọba ti dá ilé ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní ITRI sílẹ̀ ní 1973. Ní 1976, ITRI bá RCA tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n sì kó àwọn ọ̀dọ́ ẹnjiníà lọ sí Amẹ́ríkà láti kọ́ iṣẹ́. Ní 1977, wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ àfiṣàpẹẹrẹ ní Hsinchu. Chip aago ọwọ́ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, kì í ṣe ohun ńlá. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí èyí tó dára nínú iṣẹ́ wọn fi pọ̀ ju ti RCA tó kọ́ wọn lọ.

Inú ITRI ni ilé-iṣẹ́ UMC ti jáde ní 1980. Ní 1985, ìjọba pe Morris Chang, tó ti lo ọdún 25 ní Texas Instruments, kó wá darí ITRI. Ó ní òun fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ tó máa máa bá àwọn ẹlòmíràn ṣe chip sílẹ̀. Intel kọ̀, Texas Instruments náà kọ̀, wọn ò dówó sí i. Ìjọba Taiwan ló fi owó tó sún mọ́ ìdajì sílẹ̀, Philips ti Netherlands náà dá tiẹ̀. Bí TSMC ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn ní 1987. TSMC ló bá Apple ṣe chip A17 Pro tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Kí ló dé tí oníṣòwò ò lè dá a ṣe?

Ìwádìí ń pẹ́ kó tó so èso, oníṣòwò sì fẹ́ rí èrè kíákíá. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń parí lọ, Chenming Hu àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California ní Berkeley fi owó DARPA, àjọ ìwádìí àwọn ológun Amẹ́ríkà, ṣe tíránsísítọ̀ tó nà sókè bí ìyẹ́ ẹja, tí wọ́n ń pè ní FinFET. Ó di 2011 kí Intel tó kéde pé òun máa fi í ṣe ọjà títà. Ó ju ọdún mẹ́wàá lọ! Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Owó nìkan ò tó

Síbẹ̀, mi ò sọ pé kí ìjọba kàn máa da owó sílẹ̀ o. Ní 2017, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Hongxin sílẹ̀ ní Wuhan, ní Ṣáínà, pẹ̀lú ìlérí bílíọ̀nù 128 yuan. Wọ́n kọ́ ilé ńláńlá. Kó tó di 2021, ìjọba ìbílẹ̀ ti gba ibẹ̀, nígbà tó sì di 2021, wọ́n ní káwọn òṣìṣẹ́ máa lọ sílé. Chip kan ṣoṣo ò jáde fún títà.

Lójú tèmi, ibi tí ọ̀nà ti pínyà nìyí: èèyàn ni Taiwan kọ́kọ́ kọ́, kó tó kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ RCA padà wálé, wọ́n rí ibi tí wọ́n ti máa lo ohun tí wọ́n kọ́, àwọn náà sì kọ́ ẹlòmíràn.

Òfin CHIPS tí Amẹ́ríkà ṣe ní 2022 ya bílíọ̀nù 39 dọ́là sọ́tọ̀ fún kíkọ́ ilé-iṣẹ́, ó sì ya bíi bílíọ̀nù 11 sọ́tọ̀ fún ìwádìí. Nítorí náà, bí ìjọba tiwa náà bá dárúkọ ìwádìí nínú ìṣúná, ẹ má kàn béèrè iye owó. Ẹ béèrè pé ọmọ mélòó ló máa kọ́ṣẹ́, ta ló máa kọ́ wọn, níbo ni wọ́n sì ti máa ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá kọ́ ọ tán.