Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Tọ́jú Àmì Lẹ́tà Chakma

Nínú ìkọ̀wé Chakma, kọ́ńsónáǹtì kì í dá rìn. Fáwẹ̀lì "aa" ti wà nínú rẹ̀: ẹni tó bá kọ "k" láìfi nǹkan kan kún un, "kaa" ló kọ. Àmì tí wọ́n bá fi sórí rẹ̀, sábẹ́ rẹ̀ tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló máa sọ ọ́ di "ki" tàbí "ku". Àwọn Chakma, tí wọ́n ń gbé ní agbègbè òkè Chittagong ní Bangladesh, àti ní Mizoram àti Tripura ní Íńdíà, kò lè kọ̀wé láìlo àmì.

Ọdún 2012 ni Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà oríṣiríṣi èdè ní nọ́ńbà, gba Chakma wọlé. Lẹ́tà ní nọ́ńbà tirẹ̀, àmì náà ní tirẹ̀. Fún "ki", nọ́ńbà "kaa" ló máa ṣáájú, ti àmì "i" á tẹ̀lé e. Fọ́ǹtì ló máa gbé àmì náà sí àyè rẹ̀.

Àmì "e" ló ń dààmú èèyàn. Lójú ìwé, apá òsì lẹ́tà ló ń dúró sí. Nínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀yìn lẹ́tà ló wà, torí pé bí wọ́n ṣe ń pè é ni wọ́n ṣe tò ó. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ àmì náà, bó ṣe máa kọ ọ́ lórí bébà, lè rí òbìrí kékeré kan tí wọ́n fi tóótòòtó yà. Àmì ò rí lẹ́tà tó máa fara tì nìyẹn.

Èyí tó wù mí jù ni bí wọ́n ṣe ń pa fáwẹ̀lì rẹ́. Àmì kan ṣoṣo ni Híńdì ní fún un, fọ́ǹtì ló sì sábà máa ń pinnu bóyá kó fi í hàn tàbí kó so lẹ́tà méjì pọ̀. Chakma pín iṣẹ́ náà sí méjì, bíi ti Burma. Àmì àkọ́kọ́, maayyaa, ń hàn lórí lẹ́tà, ó ń pa "aa" rẹ́, ó parí. Èkejì, virama, kì í fara hàn. Ńṣe ló ń ní kí fọ́ǹtì so lẹ́tà tó ń bọ̀ mọ́ èyí tó ṣáájú. Lójú tèmi, ti Chakma ló dáa jù: ọwọ́ ẹni tó ń kọ̀wé ni ìpinnu wà.

Wàhálà kan wà tí àwa Yorùbá mọ̀ dáadáa. Àmì "o" ti Chakma lè jẹ́ nọ́ńbà kan tàbí méjì tó para pọ̀, bí "ọ́" tiwa ṣe lè jẹ́ "ọ" tí a fi àmì ohùn lé, tàbí "o" tí a fi àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn kún. Ojú ò mọ ìyàtọ̀. Bí ètò tó ń wá ọ̀rọ̀ kò bá kọ́kọ́ sọ méjèèjì di ọ̀kan, á ní òun ò rí ohun tó wà níwájú òun gan-an.

Wàhálà mìíràn ni bí nọ́ńbà àwọn lẹ́tà náà ṣe tóbi: ti "kaa" jẹ́ 69,895. Àwọn ètò àtijọ́ tí wọ́n ṣe bíi pé nọ́ńbà kankan ò ní kọjá 65,535 máa ń ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí méjì. Bí èèyàn bá ní kóun pa á rẹ́, ìdajì rẹ̀ lè ṣẹ́ kù sílẹ̀.