Níbo Ni Orí Ọmọ Wà?

Ẹ̀yin ìyá wa ní Kútọnu, bí oyún yín bá ti pé ọ̀sẹ̀ 36, ẹ má kúrò lọ́dọ̀ agbẹ̀bí láì bi í pé níbo ni orí ọmọ wà. Bí ó bá wà nísàlẹ̀, ó dára. Bí ìdí tàbí ẹsẹ̀ ló ṣáájú, tàbí tí ọmọ dábùú, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé oyún yín, kí ẹ sì mọ ibi tí ẹ óò bí sí kí ìrọbí tó dé.

Ní oṣù keje, ọ̀pọ̀ ọmọ ṣì ń yí kiri. Nígbà tí oyún bá gbó, nǹkan bí mẹ́ta sí mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ló ṣì máa ń fi ìdí tàbí ẹsẹ̀ ṣáájú. Ìbejì, tí àwa Nàgó ń bí púpọ̀, wà lára ohun tó ń fà á; bẹ́ẹ̀ náà ni ibi ọmọ tó dí ẹnu ilé ọmọ, tàbí omi oyún tó pọ̀ jù. Nígbà mìíràn a kì í rí ohun tó fà á rárá. Kì í ṣe ẹ̀bi ìyá. Láyé àwọn baba wa náà, wọ́n ń bí Ìgè, ọmọ tó mú ẹsẹ̀ wáyé.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni orí tó gbẹ̀yìn. Bí ara bá jáde tí orí há, èémí ọmọ wà nínú ewu láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Dókítà lè fọwọ́ yí ọmọ láti orí ikùn, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 36 tàbí 37. Ilé ìwòsàn tó lè ṣiṣẹ́ abẹ ni wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n á sì máa gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù. Ó ń yọrí sí rere fún bí ìdajì àwọn tí wọ́n ṣe é fún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òróró tẹ ikùn yín nílé nítorí àtiyí ọmọ: ibi ọmọ lè ṣí kúrò lára ilé ọmọ, kí ẹ̀jẹ̀ máa dà.

Bí kò bá yí, ẹ lè bí i lójú ara bí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbà dáadáa bá wà níbẹ̀, tí yàrá iṣẹ́ abẹ sì wà nítòsí. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 26, tó jáde lọ́dún 2000, fi hàn pé iṣẹ́ abẹ tí a ti pinnu tẹ́lẹ̀ ń dín ewu ọmọ kù nígbà ìbí. Ṣùgbọ́n ó ń fi àpá sílẹ̀ lára ilé ọmọ, nítorí náà ilé ìwòsàn ni kí ẹ ti bí oyún tó bá tẹ̀ lé e. Ọmọ tó bá dábùú títí ìrọbí fi dé, iṣẹ́ abẹ ni.

Ẹ má tìtorí owó sá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2009 ni ìjọba Benin bẹ̀rẹ̀ sí í san owó iṣẹ́ abẹ ìbímọ láwọn ilé ìwòsàn tó fọwọ́ sí. Ẹ béèrè ohun tí ìjọba ń san àti ohun tó kù fún yín.

Bí omi oyún bá tú, ì báà jẹ́ lóru, bí ìrọbí kò tilẹ̀ tíì dé, ẹ máa lọ sí ilé ìwòsàn CHU-MEL (tí a ń pè ní Homel tẹ́lẹ̀) létí ọ̀sà, sí ilé ìwòsàn CNHU, tàbí sí ibi tí wọ́n kọ sínú ìwé yín. Bí ẹ bá rí okùn ìwọ́ ọmọ lójú ara, ẹ má tì í padà, ẹ má sì gun alùpùpù zémìjàn. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ fi àyà kanlẹ̀, kí ìdí yín wà lókè, kí ará ilé sì wá mọ́tò kíákíá.