Àwọn Tí Kò Gbé Ìbọn Dání

Ìbàdàn kì í ṣe ìlú tí ẹnikẹ́ni ní láti kọ́ ní ogun jíjà. Bùdó ogun ni kí ó tó di ìlú, láti Òkè Màpó dé Bẹẹrẹ sì nìyí, agbára káká ni ènìyàn fi lè kọjá agboolé mẹ́ta láìgbọ́ oríkì jagunjagun kan. Nítorí náà, bí a bá ń sọ ti àwọn ará abúlé tí bọ́ǹbù ìjọba pa, tí àwọn kan ní Ọjà'ba sì ń wí pé ogun kò mojú, ìtàn ìlú wa fúnra rẹ̀ ni a ó fi dá wọn lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí a rántí Ìjàyè. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, Kúrunmí kọ̀, kò gba Adélù ọmọ rẹ̀ ní Aláàfin. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Ọ̀yọ́, ogun sì bẹ̀rẹ̀ ní 1860. Wọ́n ní Balógun Ìbíkúnlé kò kọ́kọ́ fẹ́ ogun náà; Ògúnmọ́lá ni ara rẹ̀ ń yá. Ta ni ó jàre? A kò ní dá ẹjọ́ yẹn lónìí. A mọ̀ pé àwọn olùkọ́ tí ń ka ojú ìwé yìí kò tíì jiyàn rẹ̀ tán. Ohun tí ó dá wa lójú ni pé kì í ṣe ìbọn nìkan ni ó ṣẹ́gun Ìjàyè. Ìbàdàn dí ọ̀nà Òkè-Ògùn tí oúnjẹ ń gbà wọlé, ìyàn sì mú. Samuel Johnson, tí ó gbé Ìbàdàn láti kékeré, kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ bí àwọn òbí ti ń fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà nítorí ohun tí ẹnu ń jẹ. Kúrunmí kú ní 1861, ìlú náà sì fọ́ ní oṣù Kẹta 1862. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí ebi pa kú níbẹ̀ kò bá Adélù du adé. Kò sí oríkì kan tí ó ka iye wọn.

A mọ èsì tí àwọn kan yóò fọ̀: ọ̀tá a máa fara pamọ́ sáàárín ìyá àti ọmọ. Òótọ́ ni. A kò sì ní kí ìjọba káwọ́ gbera kí àwọn agbésùnmọ̀mí máa pa ènìyàn bí ẹran. Ẹni tí ó bá ń wí bẹ́ẹ̀ kò tíì sùn mọ́jú ní abúlé tí wọ́n ti ń jí ènìyàn gbé. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Arọ pàápàá ní ẹ̀tọ́ sí ìkìlọ̀. Ìkìlọ̀ wo ni àwọn ará Tudun Biri ní Kàdúná rí gbà lálẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 2023, nígbà tí bàálù ológun tí kò ní awakọ̀ ju bọ́ǹbù lù wọ́n níbi tí wọ́n ti ń ṣe Máólúdì Ànábì? Ó kéré tán, ènìyàn 85 ni ó kú. Wọ́n ní àṣìṣe ni. Àṣìṣe náà ni wọ́n pe ti Rann ní Bọ̀rnó, ní oṣù Kìíní 2017, nígbà tí bàálù ológun ju bọ́ǹbù sí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé.

Awakọ̀ tí ó bá ṣèèṣì tẹ ènìyàn pa ní Bẹẹrẹ yóò dé àgọ́ ọlọ́pàá kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tí ó pàṣẹ pé kí a ju bọ́ǹbù ńkọ́? Kí ni ó rí kí ó tó pàṣẹ? Ta ni ó bi léèrè? Ní 2024, àwọn aláṣẹ ológun sọ pé ọmọ ogun méjì yóò jẹ́jọ́ lórí ti Tudun Biri. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti inú bárékè nìkan. Ó yẹ kí àwọn opó ibẹ̀ wà níjòókòó kí wọ́n gbọ́ ọ, kí wọ́n sì gbọ́ ọ kíákíá.

Ní Aṣábà, ní oṣù Kẹwàá 1967, àwọn ọkùnrin tí wọ́n fi orin àti ijó ìṣọ̀kan Nàìjíríà pàdé àwọn ọmọ ogun ìjọba ni wọ́n yìnbọn pa lọ́gọ́ọ̀rọ̀. Ó di 2002 kí Gowon tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìlú náà. Ọdún 35 nìyẹn, ọ̀pọ̀ ìyá tí ó sin ọmọ lọ́jọ́ yẹn kò sì sí láyé mọ́ láti gbọ́ ọ.